Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àlàpà Lọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò Pákò tàbí Ìdófin ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí kò kánjú, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ilé kan tí kò séèyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ògiri amọ̀ ni. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n òjò ti họ sìmẹ́ńtì náà kúrò nísàlẹ̀, amọ̀ pupa ti yọjú. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ó pọ́n ju amọ̀ lọ. Ewúrẹ́ ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù láàárín pálọ̀, ó gba ibi tí páànù méjì ti ṣí yọrí síta. Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà: ilẹ̀kùn ti jẹrà dé ìdajì nísàlẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbà wọlé, síbẹ̀ àgádágodo ṣì kọ́ ọ lẹ́nu. Ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn náà pa, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ bi ìyá tó ń yan àgbàdo ní òdìkejì títì. Kò ní sọ fún yín pé ilé náà kò lólúwa. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ilé bàbá báyìí ni. Àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó." Bóyá kó tún fi kún un pé ọ̀kan nínú wọn wá síbi òkú ìyá wọn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó dúró níwájú ilé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó wò ó, ó dá a padà sápò. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìyá yìí dání. Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ òní dá lé.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni à ń pè ní báńkì ilẹ̀, orúkọ yẹn sì lè ṣini lọ́nà. Bí àgbẹ̀ bá ti gbọ́ "báńkì", owó yíyá ló máa wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti onídùúró méjì. Àwọn tó ń polówó ilẹ̀ lórí rédíò náà ní ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ra pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá sétí igbó, má kọ́ nǹkan kan sí i, jókòó tì í títí yóò fi gbówó lórí. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló ń sọ ilẹ̀ di àpatì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ kan náà tó ń jẹ́ tàn yín. Báńkì ilẹ̀ tí à ń sọ jẹ́ ọ́fíìsì kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tàbí àjọ kan tí òfin dá sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mọ gbogbo ilé àti ilẹ̀ tó wà láìlò ládùúgbò, kó tú ohun tó so ó mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè fọwọ́ kàn án, kó wá fi í sọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Èyí tó wà láàárín yẹn, ìyẹn títú ohun tó so ó mọ́lẹ̀, ni iṣẹ́ gan-an. Bíríkìlà kò wọ́n ní Igbó-Ọrà, káfíńtà kò wọ́n ní Èrúwà, ilé kò ṣòro tún ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un ṣe ló ṣòro rí.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé. Kì í ṣe ìtàn tí mo fi orí ara mi rò: bí ọ̀ràn ẹbí Dáwódù ṣe rí nìyẹn l'Ékòó, ẹjọ́ tó rìn láti kọ́ọ̀tù dé kọ́ọ̀tù títí ó fi dé iwájú Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ṣé orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín ogún, ìyẹn ọmọ mẹ́sàn-án ọ̀nà mẹ́sàn-án, àbí ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó mẹ́rin ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà parí ìjà bí ìjà bá dé. Owó lè pín bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Ilé oníyàrá mẹ́rin ńkọ́? Ilé bàbá di ilé ẹbí. Àkọ́bí ọkùnrin, tí à ń pè ní dáwódù bí orúkọ ẹbí yẹn gan-an, ń tọ́jú rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó bá ta ilé ẹbí kò ta nǹkan kan, kọ́ọ̀tù yóò wó ọjà náà palẹ̀. Nígbà tí ọmọ yóò fi bímọ, tí ọmọ-ọmọ yóò fi dàgbà, ogójì èèyàn lè ní ẹ̀tọ́ sí yàrá mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè dá a gbé.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra páànù tuntun sórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú ẹbí á ní ó fẹ́ gba ilé. Apá tó kù á ní nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kó kúkú kun ọ̀dà sí i. Èyí tó bá gbọ́n nínú wọn á ti ilẹ̀kùn pa, á mú kọ́kọ́rọ́ dání, á padà s'Ékòó. Ohun tó sọ ilé di àlàpà nìyẹn. Ìwà ọ̀lẹ kò sí níbẹ̀, àìbìkítà pàápàá lè má sí níbẹ̀. Àwọn tó ni ilé ló pọ̀ jù.

Ti oko yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ Ìbàràpá mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ilẹ̀ tí pákí ti jẹ tán, tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ń sinmi ni. Kí òṣìṣẹ́ káńsù tó ti ìlú ńlá wá má wo igbó tó hù sórí rẹ̀ kó kọ "àpatì" sínú ìwé. Ilẹ̀ mìíràn wà tí ẹ̀rù lé olóko kúrò lórí rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2020 wọ 2021, nígbà tí ìjínigbé àti ìpànìyàn gbòde lágbègbè Ìgàngàn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀ sá wálé. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pààyàn, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígàngàn, ọba ìlú náà, pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó sá kò pa oko rẹ̀ tì. Òfin èyíkéyìí tí a bá fẹ́ ṣe lórí ilẹ̀ tó wà láìlò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sá yàtọ̀ sí ẹni tó gbàgbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀, ká wo bí àwọn tó dá nǹkan yìí sílẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ìlú St. Louis ni báńkì ilẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1971. Èyí tó lókìkí jù ni ti agbègbè Genesee ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí ìlú Flint wà. Flint jẹ́ ìlú tí General Motors ti ń ṣe mọ́tò. Lọ́dún 1960, ó ku díẹ̀ kí èèyàn ibẹ̀ pé 200,000. Ilé iṣẹ́ ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, iye èèyàn ń já wálẹ̀, nígbà tí wọ́n máa kà wọ́n lọ́dún 2020, nǹkan bí 81,000 ló kù. Ilé kò lè kó ẹrù tẹ̀ lé olówó rẹ̀, nítorí náà ilé kù sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Ohun tí Flint fi ṣí àgádágodo ni owó orí ilé. Michigan ṣòfin kan lọ́dún 1999 pé bí owó orí ilé kan bá wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láìsan, kọ́ọ̀tù yóò gba ilé náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, yóò fi í lé akápò agbègbè lọ́wọ́. Akápò Genesee nígbà náà, Dan Kildee, rí i pé bí òun bá ń lu ilé wọ̀nyí ní gbàǹjo, àwọn oníṣòwò ni yóò máa rà á, tí wọn yóò tún pa á tì. Lọ́dún 2002 ni wọ́n dá báńkì ilẹ̀ sílẹ̀. Báńkì náà ń gba ilé, ó ń wó èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ó ń tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe, ó sì ń ta ilẹ̀ òfìfo fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní owó táṣẹ́rẹ́, kó fi gbin ẹ̀fọ́ tàbí kó fi ṣe àgbàlá. Mo fẹ́ràn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹni tí ejò inú àlàpà ń wọlé tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àlàpà kàn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ṣé irinṣẹ́ Flint lè ṣí ilẹ̀kùn Ìdófin? Òótọ́ ni pé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti díye lé ilé aládàáni kó sì gba owó orí lórí rẹ̀, ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì. Ta ló wá ń gba owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì lórí àlàpà ní Ìdèrè tàbí ní Tápà? Ká tilẹ̀ ní wọ́n ń gbà á, ẹ ronú kan ogójì èèyàn tó ni ilé yẹn. Ìwé gbèsè yóò dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ewúrẹ́ ló máa kà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ti pàdánù ilé bàbá rẹ̀ nítorí owó tí kò tó owó ọkọ̀ wá sílé.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ń fa ìjánu. Obìnrin arúgbó kan ní Minnesota, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, jẹ owó orí ilé. Gbèsè náà pẹ̀lú owó ìtanràn àti èlé di nǹkan bí $15,000. Ìjọba agbègbè gba ilé, ó tà á ní $40,000, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sápò. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ju gbèsè rẹ̀ lọ, pé èyí tó lé jẹ́ ti ìyá náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn, ó sì wù mí kí àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin ilé gbígbé tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 jẹ́ kí káńsù lè gba ìtọ́jú ilé tó ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́ láìgba ilé náà fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2012, ilé náà gbọ́dọ̀ ti ṣófo fún ọdún méjì, kó sì ti máa da àdúgbò láàmú. Káńsù yóò kọ́kọ́ gbà á fún ọdún kan, níbi tó ti gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda onílé kó tó fi ayálégbé sí i. Bí onílé kò bá ṣe nǹkan kan síbẹ̀, káńsù lè gbà á fún ọdún méje sí i. Yóò tún un ṣe, yóò fi ayálégbé sí i, yóò yọ owó tó ná, yóò kó ìyókù fún onílé. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilé kò yí padà. Káńsù kì í sábà lo òfin yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà àkọ́kọ́ máa ń mú kí ẹni tí kì í gbé fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.

Bí ẹ bá bá arúgbó àgbẹ̀ kan jókòó ní Lánlátẹ̀ tí ẹ ṣàlàyé òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí fún un, kò ní yà á lẹ́nu, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lórúkọ mìíràn. Láyé àtijọ́, ẹni tí òkú ńlá bá já lé lọ́wọ́ tí kò lówó, a fi oko dógò. Ẹni tó yá a lówó á máa jẹ èrè oko náà títí gbèsè yóò fi tán. Ó lè jẹ ẹ́ fún ogún ọdún. Ó lè kú, kí ọmọ rẹ̀ máa jẹ ẹ́ lọ. Ọjọ́ tí ọmọ ẹni tó fi dógò bá kó owó dé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, nítorí ohun tí a fi dógò kì í di ti ẹni tó yáni lówó. Kọ́ọ̀tù Nàìjíríà fara mọ́ èyí lónìí.

Àṣà kejì ni ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò àgbẹ̀ gba ilẹ̀, ó ń dáko, lọ́dọọdún ó ń gbé iṣu tàbí ẹ̀gúsí tàbí owó díẹ̀ wá fún onílẹ̀. Ohun tó ń gbé wá lè máà tó nǹkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló wúwo: ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ìwọ lo ni ín." Ìdí kan náà ni a kì í fi gbà kí àlejò gbin kajú tàbí ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ tí a fún un. Pákí, àgbàdo, ẹ̀gúsí, ó lè gbin ìwọ̀nyí tẹ́rùn. Igi tó máa pé ogójì ọdún nílẹ̀ ti fẹ́ bá onílẹ̀ jìjọ ni ilẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Báńkì ilẹ̀ tí yóò dúró ní Ìbàràpá yóò gba ilé bí ìgbà tí a gba ohun ìdógò, yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí, yóò sì dá a padà. Báńkì ni wọ́n pè é, àbí? Ẹni tó bá fi owó sí báńkì lè gbà á jáde.

Ọwọ́ wo ni òfin fi mú irú báńkì bẹ́ẹ̀? Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta ọdún 1978 ló wà lórí gbogbo ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ nítorí ará ìlú. Àwọn tó ka ìpín kẹfà kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ káńsù wà. Ní ilẹ̀ tí gómìnà kò bá kéde pé ó jẹ́ ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ àtilo ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fún oko, kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ. Ó tún lè wọ ilẹ̀ kó lò ó fún àǹfààní gbogbo ìlú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò san owó ohun tí onílẹ̀ ti kọ́ tàbí tó ti gbìn sí i, bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ oko ló gbà, ó gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ oko mìíràn fún àgbẹ̀ náà. Nítorí náà, kí ọmọ Ìbàràpá tó bá káńsù sọ̀rọ̀ báńkì ilẹ̀, kó kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí ìgboro parí sí. Káńsù mẹ́ta la ní, ọ̀kan ní Igbó-Ọrà, ọ̀kan ní Èrúwà, ọ̀kan ní Ayétẹ̀. Oko tó wà lẹ́yìn Ayétẹ̀ àti ilé tó wà láàárín Èrúwà lè má sí lábẹ́ ọwọ́ kan náà.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ìdájọ́ náà kò dárúkọ àlàpà kankan. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ilé ń fẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀, káńsù tí kò lówó lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò sì lè ṣe oníbáńkì.

Ẹ mú bírò, ká ṣe ìṣirò. Iye tí mo máa lò kì í ṣe iye ọjà. Mo mú un kí ó lè rọrùn láti pín ni. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ilé onígi ìbẹ́pẹ, ká ní ó wà nítòsí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Igbó-Ọrà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá yàrá kiri. Káńsù kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Nítorí pé a ti mọ ẹni tó máa ka ìyẹn, wọ́n tún kéde rẹ̀ láàfin, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí rédíò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Wọ́n dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹbí pàdé. Olórí ẹbí fọwọ́ sí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, baálẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, sọ̀fíyọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ náà kí ààlà má baà rìn. Wọ́n ní kí àdéhùn náà jẹ́ ọdún méjìlá.

Àtúnṣe gba ₦2,000,000. Yàrá mẹ́rin, ₦60,000 lọ́dún fún yàrá kan, ó jẹ́ ₦240,000. Káńsù yọ ₦40,000 fún ẹbí lọ́dọọdún. Ẹ má pè é ní owó ilé, ìṣákọ́lẹ̀ ni. ₦200,000 ló kù tí a ó máa fi san gbèsè àtúnṣe. Ẹ fi 200,000 pín 2,000,000: ọdún mẹ́wàá. Ọdún méjì tó kù nínú àdéhùn wà fún páànù tó bá jò àti ilẹ̀kùn tó bá yọ. Ọdún kẹtàlá, ilé tó dúró dáadáa padà sọ́wọ́ ẹbí.

Ìṣirò yìí dùn ún gbọ́, àbí? Mo ti gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀ tí ìyá alágbàdo ì bá ti rán mi létí. Sàréè bàbá wà nínú yàrá kan. Ìwé Flint kò sọ̀rọ̀ sàréè, nítorí wọn kì í sin bàbá wọn sínú ilé. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tẹ́ ẹní sórí bàbá ẹlòmíràn, ẹbí wo ló sì máa gbà? Yàrá yẹn yóò wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ ẹbí, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ku yàrá mẹ́ta: ₦180,000. Ẹ yọ ₦40,000 ìṣákọ́lẹ̀, ó ku ₦140,000. Gbèsè náà kò ní tán ní ọdún mẹ́wàá mọ́, yóò lé ní ọdún mẹ́rìnlá. Àdéhùn ọdún méjìlá ti dá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe báńkì ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ bèèrè sàréè kó tó bèèrè páànù.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba káńsù níyànjú láti tún gbogbo àlàpà kọ́. Èyí tó jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà, owó rẹ̀ kò ní wọlé. Kí wọ́n ro ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi sàréè sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbà kékeré yí i ká, kí aládùúgbò gbin ilá sí ìyókù, kó máa já ilásá sínú ọbẹ̀, kó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ tí kò ju owó ọṣẹ lọ. Ó ti dára ju ibùgbé ejò.

Ẹ̀rù kan ń bà mí, n kò sì ní fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà "àpatì" ti ṣe iṣẹ́ burúkú rí ní Nàìjíríà. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní Oṣù Kìíní ọdún 1970, ọ̀pọ̀ Ígbò tó ti sá kúrò ní Port Harcourt padà lọ wo ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́. Ìjọba ti kà á sí dúkìá àpatì, ẹlòmíràn ti wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kọ́ọ̀tù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jinná lọ́kàn àwọn tó ni ilé. Ẹni tó ń sá fún ikú ni wọ́n pè ní ẹni tó pa ilé tì. Bí ẹ bá rántí àwọn àgbẹ̀ Ìgàngàn, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ní kí báńkì wa má ní agbára láti gba ilẹ̀ pátápátá, àní bí òfin bá tilẹ̀ fún un.

Níbo ni kó ti wá bẹ̀rẹ̀? Lórí ohun tó jẹ́ ti ìjọba fúnra rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìletò àgbẹ̀ sílẹ̀, nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ní àwòkọ́ṣe irú èyí tí wọ́n rí ní Ísírẹ́lì. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé lọ síbẹ̀, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n kọ́lé fún wọn. Èrúwà ní ọ̀kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó dáwọ́ dúró, ọ̀dọ́ di arúgbó, ilé dahoro, igbó gba púpọ̀ nínú ilẹ̀. Ìjọba Ọ̀yọ́ lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú àwọn ìletò yìí dọ̀tun, èyí tó wà ní Fáṣọlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Èrúwà mọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Ibi tó rọrùn jù láti kọ́ iṣẹ́ báńkì ilẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí ogójì ọmọ-ọmọ láti pè jọ. Síbẹ̀ àwọn arúgbó tó gbé níbẹ̀ láti kékeré wà, ìwé lè máà sí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn san án. Àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn.

Èrúwà tilẹ̀ mọ bí a ti ń sọ ohun tí a jù nù di ohun èlò. Olóògbé Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, tó dé Èrúwà lọ́dún 1983 tó sì dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1986, fi àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì fi ṣùkù àgbàdo dáná sábẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń se irinṣẹ́ ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó fínnífínní yóò rí i pé ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi nǹkan ni pé, kí ni èyí ṣì lè ṣe?

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Kí olúkúlùkù yan àlàpà kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ̀, kó má ju ọ̀kan lọ. Ẹ má wọ inú rẹ̀. Ẹ kí aládùúgbò, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ, ẹ bèèrè orúkọ bàbá tó kọ́ ọ, iye ìdí-igi tó fi sílẹ̀, ibi tí sàréè wà, ibi tí àwọn ọmọ wà báyìí. Ẹ bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ náà ti sọnù, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó sọ fún yín.